Ọmọ Tí Yóò Ṣe Ẹnjiníà: Ẹ Kọ́ Ẹnu Rẹ̀, Ẹ Kọ́ Etí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní oṣù yìí jẹ mọ́ irú ọmọ kan tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wa. Bí bàbá rẹ̀ bá ra rédíò, yóò fẹ́ tú u wò. Bí aago ara ògiri bá dákẹ́, òun ni yóò kọ́kọ́ gun orí àga. Agolo mílíìkì tí ẹ̀yin ti jù nù, òun ni yóò he é tí yóò fi ṣe ọkọ̀ tí ń fi táyà yí. Ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa fi inú dídùn sọ fún àwọn aládùúgbò pé, "Ẹ wo ọmọ mi o, ẹnjiníà ni yóò ṣe!"

Ní Àkúrẹ́, irú ìrètí bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ojú rárá. Láti ọdún 1981 ni Ìjọba Àpapọ̀ ti dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní FUTA, tí ọgbà rẹ̀ ńlá sì wà ní Ọbánlá, ní ọ̀nà tí ó lọ sí Iléṣà. Obìnrin tí ń ta ata tàbí gàrí ní ọjà Ìsìkàn lè máa fi kọ́bọ̀ lé kọ́bọ̀, kí ó sì máa wo ọ̀nà ọjọ́ tí ọmọ tirẹ̀ yóò gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Ohun rere ni, a sì bá gbogbo irú ìyá bẹ́ẹ̀ yọ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa. Nígbà tí a bá ti rí i pé ọwọ́ ọmọ yá, tí orí rẹ̀ sì pé nínú ìṣirò, ǹjẹ́ a tún máa ń wo ẹnu rẹ̀? Ǹjẹ́ a máa ń wo etí rẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ti lọ́yà, ti oníwàásù àti ti olùkọ́, àti pé ẹnjiníà kò ní ohun tí í bá ènìyàn sọ, irin àti wáyà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ti ṣe ikú pa àwọn ènìyàn. Kì í ṣe àsọdùn ni mo ń sọ. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Kí ni ẹnjiníà ń ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́? Òótọ́ ni pé yóò ṣe ìṣirò, yóò sì ya àwòrán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ po sìmẹ́ǹtì, kì í ṣe òun ni yóò tẹ irin, kì í sì í ṣe òun ni ó ni owó tí a fi ń ṣe iṣẹ́. Ohun tí ó wà ní orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde kí ó tó dé ọwọ́ àwọn tí yóò ṣe é. Ohun tí àwọn wọ̀nyí sì rí gbọ́dọ̀ gba etí rẹ̀ wọlé kí ó tó lè tún èrò rẹ̀ ṣe. Bí ọ̀nà méjèèjì yìí bá dí, gbogbo ìmọ̀ tí ó kó bọ̀ láti yunifásítì kò yàtọ̀ sí oúnjẹ tí a sè sílẹ̀ tí a sì ti ìlẹ̀kùn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé tí ẹnì kan ń kọ́ ní Ìsìkàn ṣe àpẹẹrẹ. Bíríkìlà wà níbẹ̀, àgbàlagbà ni. Káfíńtà wà níbẹ̀. Àwọn lébìrà wà níbẹ̀. Ìyàwó onílé náà sì ń bọ̀ láti ọjà lọ́sàn-án láti wo bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ẹnjiníà kan dé, ọ̀dọ́mọkùnrin. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n po kọnkéré ní ení, èjì, ẹ̀rin, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì wọ inú ọkọ̀ lọ. Bàbá bíríkìlà kò gbọ́ ohun tí ó wí dáradára. Ojú ń tì í láti béèrè níwájú àwọn lébìrà tí ń pè é ní ọ̀gá. Nítorí náà, ó po ó bí ó ti máa ń po ó láti ogún ọdún wá. Bí kọnkéré náà bá sán lẹ́yìn ọdún méjì, ta ni ó jẹ̀bi? Ẹnjiníà yóò wí pé òun ti sọ ọ́. Sísọ rẹ̀ ni ó sọ ọ́. Kò rí i dájú pé ó yé ẹni tí ó gbọ́.

Ẹ wá wo ẹnjiníà kejì. Ó dé, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá mi." Ó mú abọ́ irin tí wọ́n fi ń ru kọnkéré, ó sì wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, sìmẹ́ǹtì abọ́ kan, yanrìn abọ́ méjì, òkúta wẹ́wẹ́ abọ́ mẹ́rin. Abọ́ kan náà ni kí á fi wọn gbogbo rẹ̀ o." Nígbà tí ó rí i pé lébìrà kan fẹ́ da omi púpọ̀ sí i kí ó lè rọrùn láti rò, ó dá a dúró, kò sì bú u. Ó ní, "Ṣé o mọ bí ẹ̀kọ ti máa ń rí bí omi bá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀? Kì í dì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọnkéré. Omi tí ó bá lé a máa gbẹ kúrò níkẹyìn, a sì fi ihò sílẹ̀ nínú rẹ̀, ihò náà ni í sọ ọ́ di ẹlẹ́gẹ́." Ẹ̀rín pa gbogbo wọn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tí ó tún da omi jù mọ́.

Kò parí síbẹ̀. Ó yíjú sí ìyàwó onílé, ó ní, "Mọ̀mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa máa fi omi rin kọnkéré yìí lójoojúmọ́, ó kéré tán fún ọjọ́ méje. Bí ó bá tètè gbẹ, kò ní lágbára. Ọjọ́ 28 ni àwa fi ń ka agbára rẹ̀, nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yọ igi tí a fi ti abẹ́ rẹ̀ kí a tó sọ pé ó yá, ẹ má gbà fún un." Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé ẹnjiníà yìí ti sọ ìyàwó onílé di olùrànlọ́wọ́ iṣẹ́. Ìmọ̀ tí ẹnjiníà méjèèjì ní lè dọ́gba pátápátá. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ìkíni, ìfarabalẹ̀ àti èdè tí ó yé ènìyàn. Àwọn nǹkan mẹ́ta yìí kò sì sí lára ohun tí yunifásítì fi ń gba ọmọ wọlé. Ilé ni a ti ń kó wọn ròde.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu ba etí. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé náà, bàbá bíríkìlà lè wí pé, "Ẹnjiníà, ẹ má bínú o. Ibi tí ẹ ní kí á gbẹ́ yìí, omi a máa sun níbẹ̀ nígbà òjò." Àwọn tí wọ́n ń gbé ní etí odò Àlà, tí ó la ìlú Àkúrẹ́ kọjá, mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Àgbàlagbà tí kò ka ìwé kan lè mọ ibi tí omi máa ń gbà ní oṣù keje àti oṣù kẹsàn-án ju ẹni tí ó ya àwòrán ilé náà nínú ọ́fíìsì lọ. Ẹnjiníà tí a kò kọ́ ní gbígbọ́ ọ̀rọ̀ yóò wí pé, "Ṣé ìwọ ni ó máa kọ́ mi ní iṣẹ́ mi?" Ẹni tí a kọ́ yóò wí pé, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ wá fi ibẹ̀ hàn mí." Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ibi tí ó ti ṣòro jù ni mo ń bọ̀ yìí, nítorí ó kan bí a ti ń tọ́ ọmọ nílẹ̀ Yorùbá. A kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ó dára, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé púpọ̀, ohun tí ọmọ ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni, "Dákẹ́! Àgbà ń sọ̀rọ̀." "Ta ni ó bi ọ́?" "Ẹnu rẹ gùn." Bí ọmọ náà bá dàgbà, tí ó di ẹnjiníà kékeré ní ibi iṣẹ́, tí ó sì rí i pé ọ̀gá òun fẹ́ ṣe àṣìṣe, kí ni ẹ rò pé yóò ṣe? Yóò dákẹ́ ni. Àwa ni a kọ́ ọ ní ìdákẹ́ náà.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Kòríà náà kì í fi ojú di àgbà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1997, ọkọ̀ òfuurufú Korean Air kan tí ó gbéra láti Seoul forí sọ òkè ní erékùṣù Guam, níbi tí ó ti ń gbìyànjú láti balẹ̀ ní òru nínú òjò. Ènìyàn 254 ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó kú lé ní 220. Àwọn mẹ́ta ni ó jókòó sí iwájú: ọ̀gá awakọ̀, igbákejì rẹ̀, àti ẹnjiníà ọkọ̀ náà. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó wádìí ọ̀ràn náà rí i pé ọ̀gá kò ṣe ètò ìbalẹ̀ náà bí ó ti yẹ, àti pé igbákejì àti ẹnjiníà kò ṣọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bí ó ti tọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi jáde lẹ́nu igbákejì pé kí wọ́n má balẹ̀ mọ́, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré ni ó kù. Lẹ́yìn ọ̀ràn yìí àti àwọn mìíràn tí ó jọ ọ́, ilé-iṣẹ́ náà tún ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn awakọ̀ rẹ̀ ṣe, kí ẹni tí ó wà lábẹ́ lè máa sọ ohun tí ó bá rí fún ẹni tí ó wà lókè.

Ṣé kí a wá tìtorí èyí sọ àwọn ọmọ wa di aláfojúdi? Rárá o! Ọmọ tí ń pariwo mọ́ àgbà kì í rí ẹni gbọ́ tirẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ búburú a máa yọ ọfà jáde nínú apó. Ohun tí ó yẹ kí á ṣe ni pé kí á fún ọmọ ní ọ̀nà tí yóò fi máa sọ òótọ́ tòun ti ọ̀wọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ di gbólóhùn mẹ́ta yìí mú: mo rí, mo ń bẹ̀rù, mo dábàá. Ẹ kọ́ ọmọ yín kí ó kọ́kọ́ tọrọ àyè, kí ó sọ ohun tí ó fojú rí, kí ó sọ ewu tí ó rò pé ó wà níbẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí ó rò pé a lè ṣe.

Ẹ gbọ́ bí ó ti máa ń rí nínú ilé ìdáná. Ọmọ ọdún mẹ́jọ wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́ mà, mo rí i tí kẹrosíìnì ń jò lábẹ́ sítóòfù. Ẹ̀rù ń bà mí pé iná lè ràn mọ́ ọn. Ṣé kí á pa á ná?" Ìyá kan yóò wí pé, "Lọ jókòó síbẹ̀, ìwọ tí o mọ gbogbo nǹkan!" Ìyá mìíràn yóò bẹ̀rẹ̀ wò ó, yóò sì wí pé, "O ṣeun, ọmọ mi. Ojú rẹ mú." Bí kẹrosíìnì kò tilẹ̀ jò, bí ó bá ṣe omi lásán ni ọmọ rí, kí ìyá ṣì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ bá ṣì í sọ tí a sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni ọjọ́ tí yóò pinnu pé òun kò ní sọ ọ́ mọ́, ì báà jẹ́ pé ilé ń jó.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ etí ìyá ni pé ọ̀rọ̀ sísọ nìkan kò tó. Ó di dandan kí á rí ẹni gbọ́ ọ. Ẹ rántí ọkọ̀ Challenger ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a fi ń rán ènìyàn lọ sí ojú sánmà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1986, ó fọ́ yángá lójú ọ̀run nígbà tí kò tíì lò ju ìṣẹ́jú-àáyá 73 lọ tí ó gbéra, ènìyàn méje tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Olùkọ́ obìnrin kan, Christa McAuliffe, wà lára wọn. Alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, àwọn ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ Morton Thiokol tí ó ṣe apá kan nínú ọkọ̀ náà ti kìlọ̀. Wọ́n ní òtútù ti pọ̀ jù, pé rọ́bà tí a fi dí oríkèé ọkọ̀ náà lè má ṣiṣẹ́ nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀gá wọn kọ́kọ́ gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníṣẹ́ tí ó gbé iṣẹ́ fún wọn fajúro, wọ́n yí ohùn padà. Ọ̀rọ̀ wà, ẹni tí yóò gbọ́ ni kò sí. Ẹ̀kọ́ kan ni èyí jẹ́ fún ọmọ tí yóò di ọ̀gá lọ́la: bí ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ bá mú ìròyìn tí kò dùn wá, má ṣe bá ojú rẹ̀ jà.

Nílé wa níhìn-ín náà, a ti rí tiwa. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún kan tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí, ní ìlú Èkó, wó lulẹ̀. Àwọn tí ó kú lé ní ogójì, ẹni tí ó ń kọ́ ilé náà pàápàá sì bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ayé wá rí i nínú ìwé ìròyìn pé láti oṣù kejì ọdún 2020 ni àwọn ẹnjiníà kan tí ó ti bá wọn ṣe iṣẹ́ níbẹ̀ ti kọ lẹ́tà sí oníṣẹ́ pé àwọn yọ ọwọ́ kúrò, nítorí èrò àwọn àti tirẹ̀ kò papọ̀ mọ́ lórí bí ó ti yẹ kí á ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọdún kan àti oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ilé wó. Mo mú èyí wá kí àwa ìyá lè rí i pé lẹ́tà kíkọ, iṣẹ́ tí a rò pé ti akọ̀wé ni, jẹ́ ara iṣẹ́ ẹnjiníà. Ìgbà mìíràn wà tí ẹni tí a kọ̀wé sí kò ní gbọ́. Nígbà náà, a gbọ́dọ̀ mọ ẹlòmíràn tí ó ní àṣẹ tí ó yẹ kí á sọ fún, kí á sì sọ ọ́ ní kedere tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé kò yé òun.

Àwọn kan lè wí pé, "Ìyá, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn kọ́ ni ó máa ń lu ènìyàn ní jìbìtì?" Òótọ́ ni pé ẹlẹ́nu dídùn pọ̀ nínú ayé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu dídùn ni mo ń wí. Ẹnu tí ń sọ òótọ́, tí ń sọ ọ́ ní àkókò, tí ń sọ ọ́ ní èdè tí ó yé ẹni tí ń gbọ́, ni mo ń wí. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ, apanilára ni. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tí kò sì lè sọ ọ́, ó di ẹni tí ń dá nìkan ru ẹrù tí ó yẹ kí ogún ènìyàn bá a gbé.

Àwọn tí ń ṣe ètò ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí náà ti mọ̀ pé ìwé nìkan kò tó. Ní ọdún 1971 ni ìjọba dá àjọ ITF sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1973 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní IT, tí í mú kí ọmọ yunifásítì lọ lo oṣù mélòó kan ní ibi iṣẹ́ kí ó tó jáde. Bí ọmọ yín tàbí àbúrò yín bá fẹ́ lọ sí IT, ẹ má ṣe bi í léèrè owó tí wọn yóò san nìkan. Ẹ kìlọ̀ fún un kí ó kí ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí ó tó kí máníjà. Ẹ sọ fún un pé ẹni tí ó ń nu ẹ̀rọ láti ọdún mẹ́wàá lè mọ ohùn ẹ̀rọ náà ju ẹni tí ó ka ìwé rẹ̀ lọ, kí ó bọ̀wọ̀ fún un, kí ó sì máa bi í ní ìbéèrè, nítorí abéèrè kì í ṣìnà. Wọn yóò fún un ní ìwé kan tí yóò máa kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni í fi í sílẹ̀ di ọjọ́ tí IT fẹ́ parí kí wọ́n tó jókòó kọ ìtàn sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tiyín máa kọ ọ́ ní alaalẹ́, kí ó sì máa kà á fún yín. Bí ó bá yé ẹ̀yin tí ẹ kò ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó ti kọ ọ́ dáradára nìyẹn.

Mo ní ọ̀rọ̀ pàtàkì láti sọ nípa àwọn ọmọbìnrin. Bí a bá pa ọmọkùnrin lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń pa ọmọbìnrin lẹ́nu mọ́: nítorí pé ó kéré, àti nítorí pé obìnrin ni. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ẹnjiníà kò mọ akọ, kò mọ abo. Arábìnrin Joanna Maduka ni obìnrin àkọ́kọ́ tí àjọ COREN, tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà, fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹnjiníà, tí ń jẹ́ APWEN, sílẹ̀ ní ọdún 1982, òun ni a fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ gbogbo àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1958, kò ní obìnrin ní ipò ààrẹ rí títí di ọdún 2024, nígbà tí Arábìnrin Margaret Oguntala gun orí oyè náà. Ẹ ka iye ọdún tí ó wà láàárín 1958 sí 2024 kí ẹ sì ronú. Ọmọbìnrin tí yóò dúró níwájú ogún ọkùnrin ní ibi iṣẹ́ kí ó sì wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, irin yìí kò tó," kò ní kọ́ ìgboyà náà níbẹ̀. Yálà ó ti kọ́ ọ níwájú ìyá àti bàbá rẹ̀, tàbí kò kọ́ ọ rárá.

Ẹ̀yin tí ọkọ yín jẹ́ ẹnjiníà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ń ráhùn pé, "Bí ó bá ti dé, ó dákẹ́ bí ògiri." Ẹ má ṣe fi ìjà bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wẹ̀, kí ó jẹun tán, kí ẹ wá wí pé, "Bàbá Táyọ̀, iṣẹ́ wo ni ẹ ṣe lónìí? Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi àti àwọn ọmọ." Bí ó bá sọ ọ́ ní èdè tí kò yé yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó tún un sọ ní Yorùbá, kí ó fi ohun inú ilé ṣe àpèjúwe. Ohun mẹ́ta ni ẹ fi ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ṣe: ẹ ti tú ọkọ yín nínú, àwọn ọmọ ti rí i bí a ti ń ṣàlàyé iṣẹ́, òun náà sì ti fi yín dánra wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sanwó iṣẹ́ lọ́la.

Ní ìkádìí, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí a lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Ẹ̀kíní, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó bá tú nǹkan kan ṣàlàyé fún yín ohun tí ó rí nínú rẹ̀ kí ó tó dì í padà. Ẹ̀kejì, bí ẹ bá rán ọmọ ní iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún yín kí ó tó jáde, kí ó lè mọ̀ pé gbígbọ́ yàtọ̀ sí kí ọ̀rọ̀ yé ènìyàn. Ẹ̀kẹta, ẹ kọ́ ọ ní mo rí, mo ń bẹ̀rù, mo dábàá. Ẹ̀kẹrin, bí ó bá ba nǹkan jẹ́ tí ó sì wá jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀, ẹ bá a wí pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ yìn ín fún ìjẹ́wọ́ náà, nítorí ẹnjiníà tí ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ léwu ju èyí tí ń ṣe àṣìṣe lọ. Ẹ̀karùn-ún, ẹ má jẹ́ kí ó kọjá lébìrà, agbọ́ktà tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ láìkí i.

Kò sí èyí tí ó gba owó nínú gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn ọmọ yìí yóò kọ́ afárá tí àwa yóò gbà kọjá, tí wọn yóò sì fa iná sí ilé tí àwọn ọmọ-ọmọ wa yóò sùn. Ní ọjọ́ náà, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹnu wọn là, kí etí wọn sì ṣí. Ó di oṣù tí ń bọ̀ o.